Hóró Dúdú Inú Kọ́kọ́rọ́: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Wọ Inú Ọkọ̀ Wa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní sáà tó kọjá, ọkọ̀ bàbá mi kọ̀, kò lọ. Toyota Camry tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005 ni, irú èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Òun ló ń gbé èmi àti àbúrò mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun ló ń gbé ìyá mi lọ sí ìsọ̀, òun náà sì ni bàbá mi fi ń kó èrò láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà ní ọjọ́ Sátidé kí owó ilé-ẹ̀kọ́ wa lè pé. Bí bàbá mi bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á jí, á dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á sì kú. Bí ó bá tún yí i, bákan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi tuntun sí i. Ẹ́ńjìnnì jí, ó kú. Ó ní pọ́ǹpù epo ni. A ra pọ́ǹpù epo. Ẹ́ńjìnnì jí, ó kú. Ó wá mi orí, ó ní brain box ti jó. Brain box ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ọpọlọ ọkọ̀ gan-an. Bàbá mi wá àlòkù kan rà. Owó tó ti ń tọ́jú fún ìdánwò WAEC mi ló bá a lọ. Wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì jí, ó kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ká ní Peugeot bàbá mi ni, ǹ bá ti tún un ṣe fúnra mi." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá àgbà mi jẹ́ olùkọ́, kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí, síbẹ̀ gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé ó máa ń fi sùpánà méjì àti abẹ́ ìfárí kan tún 504 rẹ̀ ṣe lójú ọ̀nà. Kí ló wá dé tí ọmọ rẹ̀, tó kàwé jù ú lọ, kò lè rí ìdí ọkọ̀ tirẹ̀? Ohun tó sún mi dé ìdí ìwádìí yìí nìyẹn. Mo rí i pé láti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kan ní Ìlọrin, mo ní láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kaduna, ní Los Angeles àti ní Jámánì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, apá òsì ni a ń wa ọkọ̀ sí ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ti fi lélẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ sí apá ọ̀tún, kí a lè bá àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká dọ́gba. Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan kọ́kọ́rọ́ bàbá mi, ṣùgbọ́n ó kàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bíi ti London, kò ti wúlò fún wa mọ́ bí kò ṣe pé a bá yí ìdarí rẹ̀ padà. Nígbà tí àsìkò ọkọ̀ àlòkù dé, Belgium, Jámánì, Netherlands àti Amẹ́ríkà ni a kọjú sí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna. Ní oṣù kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba ń rí ẹ̀yáwó fi ra ọkọ̀ tuntun, olùkọ́ pàápàá kò gbẹ́yìn. Volkswagen Ìjàpá gba àdúgbò, Peugeot 504 gba ojú ọ̀nà márosẹ̀.

Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 ìgbà náà, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ojú lè rí. Kabúrétọ̀ ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì ló ń pèsè iná tí púlọ́ọ̀gì fi ń tan epo náà. Bí ọkọ̀ kò bá jí, yálà epo kò dé, tàbí iná kò dé, tàbí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù tàbí kéré jù. Ọmọ iṣẹ́ á fẹnu fa epo, á fẹnu fẹ́ kabúrétọ̀, á fi abẹ́ ha kọ́ńtáàtì tó dúdú, á gbé wáyà púlọ́ọ̀gì sún mọ́ irin láti wo bóyá iná ń ṣẹ́. Etí ni ọ̀gá fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ aláìkàwé ni. Èmi kò gbà. Ìmọ̀ ni, orí irin tó ń fi ara rẹ̀ hàn ni wọ́n sì gbé e kà. Ó yẹ ìlú wa náà: àwọn àgbà sọ pé òkúta tí Òjó fi ń lọ irin rẹ̀ ló bí orúkọ Ìlọrin.

Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Òkè yí ìlú Los Angeles ká. Ní àwọn ọdún 1940, èéfín kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìlú náà, ó ń ta àwọn ènìyàn lójú, ó ń dí wọn lọ́fun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó ń jẹ́ Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní California, fi hàn pé èéfín tó ń jáde lára ọkọ̀ wà lára ohun tí oòrùn ń sè di májèlé náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún di òfin. Ní ọdún 1970, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dín èéfín olóró kù gidigidi. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín, catalytic converter, sí ìdí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ wọn. (Ẹ̀rọ yìí náà ni àwọn kan ń gé lára ọkọ̀ tà fún àwọn oníṣòwò irin lónìí. Olówó ọkọ̀ á wá máa ṣe kàyéfì ìdí tí iná ẹ́ńjìnnì kò fi kú mọ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀.)

Ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín yìí ní ìfẹ́ kan tó le. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnnì wúwo tó ìlọ́po 14.7 epo tó bá a wọlé, kò fẹ́ kí ó yẹ̀. Kabúrétọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní òtútù, ní ooru, ní orí òkè àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó di dandan kí nǹkan kan máa wọn afẹ́fẹ́, kí ó máa tọ́ èéfín wò, kí ó sì máa pàṣẹ fún nọ́súlù, ẹnu kékeré tó ń fín epo, pé kí ó ṣí tàbí kí ó pa dé. Nǹkan náà ni kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ihò oníhò 16 kan náà nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti bi kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó ń ṣe é. Tìtorí afẹ́fẹ́ Los Angeles ni wọ́n ṣe òfin yìí. Àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù lónìí, lójú tèmi, ni àwọn tó ń tún àlòkù ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Jámánì ló mú kọ́kọ́rọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ti gbìyànjú ṣáájú: ní ọdún 1986, General Motors fi irin ẹlẹ́ńtíríìkì kékeré kan sí ara kọ́kọ́rọ́ Corvette, ṣùgbọ́n oríṣi 15 péré ló wà, olè tó bá ní sùúrù lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí ògiri Berlin wó ní ọdún 1989, ẹnu ààlà ìlà oòrùn ṣí sílẹ̀, jíjí ọkọ̀ gbé sì di òwò ńlá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó ń san owó fún ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ figbe ta, wọ́n ní láti ọdún 1995 àwọn fẹ́ ohun tó lè dá ẹ́ńjìnnì dúró lára ọkọ̀ tuntun. Ní ọdún yẹn kan náà, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 1998, kò sí ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n lè tà níbẹ̀ láìní immobiliser. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣọ́ tó ń sé ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Amẹ́ríkà kò fi í ṣe dandan, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi í sí ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nínú ike tó wà lórí kọ́kọ́rọ́, hóró kékeré kan wà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ti àwọn mìíràn jẹ́ gíláàsì, ti Toyota bàbá mi dúdú. Kò ní bátìrì kankan. Òrùka wáyà kan yí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ká lára ọkọ̀. Bí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, òrùka náà á fi agbára díẹ̀ ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́, hóró náà á gba agbára yẹn, á sì fi dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá mọ nọ́ńbà náà, ẹ́ńjìnnì á máa lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ní ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí rárá, ó sì ní èyí tó máa jẹ́ kí ó jí kí ó tó fún un lọ́rùn pa. Ti Toyota bàbá mi jẹ́ irú èyí kejì.

Báwo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dé Ìlọrin? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba ológun ìgbà náà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ náírà, lábẹ́ ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Náírà wó. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí Kaduna àti Èkó ń tò pọ̀ ń ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ sì fò sókè kọjá ọwọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé. Àlòkù ọkọ̀ láti Yúróòpù ló gba ipò ọkọ̀ tuntun. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba ibùdókọ̀ ojú omi Cotonou wọlé, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti Belgium wá débi pé Belgium fúnra rẹ̀ di orúkọ fún àlòkù lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Àwa Yorùbá fún un ní orúkọ tó dùn jù ú lọ. A mú orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó sì padà wálé, a fi sọ ọkọ̀ ní tòkunbọ̀, ni gbogbo Nàìjíríà bá gbà á lẹ́nu wa.

Àwọn tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ kò da mẹkáníìkì láàmú. Kabúrétọ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe lókè òkun ní ọdún 1998 lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ Los Angeles àti fún olè Jámánì ṣe wọ inú ìlú wa láìpariwo, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó bá àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ọ́ ṣáájú. Ìwé àtúnṣe kò bá ọkọ̀ wá, kọ́kọ́rọ́ kejì sì sábà máa ń ṣẹ́kù sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gá tó ti fi ogún ọdún kọ́ etí rẹ̀ bá ara rẹ̀ níwájú àpótí kan tí kò sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo ń lọ láti ibùdó mẹkáníìkì kan dé òmíràn ní Ìlọrin ni pé iṣẹ́ náà ti pín sí méjì. Rìwáyà, ẹni tó ń ṣe wáyà ọkọ̀, tó ti máa ń dúró de ìgbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì bá pè é, òun ni wọ́n ń wá lọ báyìí. Ó ní sìkánà tàbí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé sìkánà dà bí àwòrán tí wọ́n ń yà ní ọsibítù, tó máa fi egungun tó ṣẹ́ hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sìkánà bá kọ P0171, ohun tó ń sọ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ rọ́bà tó là, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Àdúgbò ni nọ́ńbà náà júwe, ilé ṣì kù. Ẹni tó bá ra ohun tí nọ́ńbà bá sáà ti dárúkọ á ra ọjà títí owó á fi tán.

Rìwáyà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, jókòó ṣàlàyé ìlànà tirẹ̀ fún mi. Bátìrì ló kọ́kọ́ ń wò, nítorí bátìrì tó sinmi tó sì kún gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi fóòtì 12.6, bí kò bá sì lágbára, kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, á máa fi ẹ̀sùn èké kan ẹ̀yà ara mìíràn. Ó ń wo wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ bóyá ó ti jẹra. Ó ń wo fíùsì. Ó ń wá ibi tí eku ti jẹ wáyà àti ibi tí omi òjò ti ń kán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń fi sìkánà bèèrè ọ̀rọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ni ó máa ń fura sí gbẹ̀yìn, nítorí òun ni kì í sábà bàjẹ́, òun ló sì wọ́n jù. Ó fi kún un pé bí kọ̀ǹpútà bá tiẹ̀ jó, ẹ kò lè kàn gbé àlòkù wá, kí ẹ so ó mọ́ ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ni ó mọ̀. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín fi kọ́kọ́rọ́ tiyín mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó sọ èyí, àyà mi já. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọkọ̀ bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ àkókò náà tún wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ààlà orí ilẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ni náírà tún wó gan-an ní ọdún 2023. Ẹni tó bá ní Big Daddy kò lè ronú pé òun á tà á ra òmíràn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní ọdún 2020 pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 àlòkù ọkọ̀ kéékèèké ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan kó ránṣẹ́ sí òkè òkun, àti pé Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ọkọ̀ yẹn ń darúgbó sí ọwọ́ wa, kọ̀ǹpútà inú wọn ń bá wọn darúgbó.

Rìwáyà náà dé ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì. Kò gbé sùpánà jáde. Ó jókòó sí àyè awakọ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń wo iná pupa kékeré kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná náà ń ṣẹ́jú. Ó ní bí ọkọ̀ bá mọ kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí iná yẹn ti kú.

"Alhaji, ẹ má bínú o," ó ní, "ṣé kọ́kọ́rọ́ tó bá ọkọ̀ dé nìyí?"

Bàbá mi ní, "Òun ni. Ike orí rẹ̀ ló fọ́, mo ní kí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ bá mi fi irin rẹ̀ sínú ike tuntun."

"Ìgbà wo nìyẹn, sà?"

Bàbá mi dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni. Ọkọ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi rin lọ sọ́dọ̀ agékọ́kọ́rọ́. Nígbà tó dé, kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò sì rò ó mọ́. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè kò bi í, òun náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ.

"Ike àtijọ́ dà, sà?"

Ìyá mi ní bóyá a ti gbá a dànù. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló sáré wọlé, tó gbé agolo mílíìkì tó ń kó ohun ìṣeré rẹ̀ sí jáde. Ó ń fi ike náà ṣe fóònù ọmọlangidi rẹ̀. Rìwáyà ṣẹ́ ike náà sí méjì, hóró dúdú náà sì wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.

Ó yọ brain box tí a rà, ó dá ti ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ó fi sẹlotéèpù lẹ hóró náà mọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ki í bọ ojú ihò. Iná pupa kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún lọ, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wa kàn dúró tì í.

Àjọ tí ìyá mi dá ni wọ́n fi san owó WAEC mi, ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ẹni tó ta brain box kò gbà á padà, ó ní ọjà ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kò ní ìdápadà. Ó ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá bàbá mi, nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi dì í.